Ọdún tí Bàámi Fọ́n Koríko síwájú Ilé

Àwọn ọmọ mi kì í gbà mí gbọ́ bí mo bá sọ pé ọdún kan wà tí koríko fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé wa ká. Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, “Mọ́mì, koríko kẹ̀?” Koríko ni o. Kì í ṣe ìjà orogún, nítorí Màámi nìkan ni ìyàwó ilé. Kì í sì í ṣe ìjà ogún, nítorí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè bá Bàámi dù ju rédíò kan tí kì í sọ̀rọ̀ àfi bí èèyàn bá gbá a létí. Koríko lásán tí ewúrẹ́ ń jẹ ni. Ìlú Ẹdẹ níbí náà ló ti ṣẹlẹ̀, níwájú ilé wa tó dojú kọ ọ̀nà mọ́sálásí, tí kò fi sí ẹni tó lè kọjá lọ kírun kó má rí ìtìjú wa.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé yín, ẹ ní láti mọ irú èèyàn tí Ìyá Àgbà jẹ́. Àwọn ni ìyá tó bí Bàámi. Abúlé Alájùé ni wọ́n ti ń ro oko láti ìgbà èwe wọn, ìgbà tí orúnkún wọn kò gba ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ni Bàámi lọ mú wọn wá sílé wa, tí a fún wọn ní yàrá ẹ̀gbẹ́, èyí tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ààtàn tí a ń da ilẹ̀ sí. Orúnkún ló dákẹ́ o, ẹnu kò dákẹ́. Kí wọ́n tó ṣe àlùwàlá Àsùbá tán, wọ́n á ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta: “Ràbí! Ràbíátù! Ṣé oorun ni wọ́n bí ọ kí o wá sùn ni?” Màá dìde, màá kúnlẹ̀ kí wọn, màá mú ọwọ̀, màá bẹ̀rẹ̀ láti ìdí igi dóńgóyárò títí dé ẹ̀bá ọ̀nà. Ṣáá, ṣáá, ṣáá. Ìyá Àgbà á jókòó sórí àpótí nínú yàrá, wọ́n á máa ka tẹ̀sùbáà, wọ́n á sì máa fi etí tẹ̀lé ọwọ̀ mi. Bí mo bá fo ibì kan, wọ́n á mọ̀. “O ò tíì gbá abẹ́ bẹ́ǹṣì.” N kò mọ bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n títí di òní. Wọ́n ní aago lè parọ́, àkùkọ lè ṣìnà, ṣùgbọ́n bí àwọn bá ti gbọ́ ọwọ̀, àwọn mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ nìyẹn. “Ẹní gbálẹ̀ nilẹ̀ ń mọ́ fún,” wọ́n á ní. Ojúde tí koríko bá sì ti ń hù, kí a lọ wádìí, onílé ti kú tàbí ó ti rìnrìn àjò tí kò ní bọ̀.

Mo fẹ́ràn Ìyá Àgbà débi pé n kì í fẹ́ kí wọ́n lọ kí ìbátan kankan kí n má tẹ̀ lé wọn. Èmi ni mo ń fọ àwo wọn, wọ́n á sì fi orí ẹja sílẹ̀ fún mi lábẹ́ òkèlè ẹ̀bà tó kù, wọ́n á ṣe bí ẹni tó gbàgbé rẹ̀. Bí Màámi bá gbé pàṣán, ẹ̀yìn ìró Ìyá Àgbà ni ilé mi. Àwọn àgbàlagbà yòókù nínú ilé ń pàṣẹ fún mi. Ìyá Àgbà náà ń pàṣẹ, wọ́n tilẹ̀ ń pàṣẹ jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń bi mí ní ohun tí mo rò, wọ́n á sì dúró gbọ́ ìdáhùn.

Bàámi ní tiwọn jẹ́ akọ̀wé ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan nígboro. Ohun tó bá ti wà ní kọ́tà àwọn ọ̀gá ibẹ̀, lójú Bàámi, ìyẹn gan-an ni ọ̀làjú. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wọn rán wọn lọ mú fáìlì nílé. Bí wọ́n ṣe wọlé, koríko òyìnbó ló tẹ́ rẹrẹ níwájú ilé, ó dí, ó kúrú, ó tutù. Bàámi bọ́ bàtà. Wọ́n ní àwọn kò tilẹ̀ mọ ìgbà tí àwọn bọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wo ojúde wa, tí mo ń gbá mọ́ tónítóní, bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Nígbà tó yá, wọ́n tọrọ ẹ̀ka koríko náà, wọ́n gbìn ín lásìkò òjò. Ó mú o. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ dé, oòrùn dé, ewúrẹ́ Àlàájì Búsàrí tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà dé, èmi náà sì ń gbá a lójoojúmọ́ bí ẹni ń gbá ilẹ̀ lásán. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, koríko Bàámi ti rí bí orí ọmọ tí làpálàpá mú. Ó hù níhìn-ín, ó pá lọ́hùn-ún. Àlàájì Búsàrí á kọjá lọ sí mọ́sálásí, wọ́n á dúró, wọ́n á ní, “Bàbá Ràbí, ṣé onígbàjámọ̀ yẹn ṣì ń bọ̀ wá parí iṣẹ́ ni?” Bàámi á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wọlé, ẹ̀kọ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun wọn.

Bàbá tó ń tọ́jú ọgbà ọ̀gá wọn ló la ọ̀nà àbáyọ. Bàámi dé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú àpò kékeré kan lábẹ́ abíyá, wọ́n pè wá jọ sí pálọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí lèmọ́mù lórí mímíbárì. A kò ní hú koríko náà, a kò sì ní tún ilẹ̀ gbìn. Irúgbìn ni a máa fọ́n lé orí èyí tó wà, kó lè dí gbogbo àlàfo. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀, a óò gé èyí tó wà mọ́lẹ̀, a óò fi réèkì ha ilẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè là, a óò po irúgbìn mọ́ iyanrìn nítorí pé ó kéré jọjọ, a óò fọ́n ọn lóròó, a óò fọ́n ọn níbùú, a óò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Omi díẹ̀ láàárọ̀, omi díẹ̀ nírọ̀lẹ́.

“Lẹ́yìn náà,” Bàámi ní, wọ́n gbé ìka kan sókè, “fún ọjọ́ mẹ́rìnlá gbáko, kí ẹnikẹ́ni má rìn níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì gbá a.”

Ìyá Àgbà tó ti ń tòògbé la ojú. “Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kín ni?”

“Kí ẹnikẹ́ni má gbá a, Ìyá mi. Ọwọ̀ máa kó irúgbìn lọ ni.”

“Gàníyù. Ọjọ́ mẹ́rìnlá? Èèyàn á kú láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, wọn á sì ti jẹ sàráà ọjọ́ kẹjọ ẹ̀ tán.”

“Ọjọ́ mẹ́rìnlá péré ni, Ìyá mi. Ẹ fara dà á.”

“O lọ fowó ra koríko,” Ìyá Àgbà sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. “Ní Alájùé, ẹni tó bá bá wa kó o lọ là ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.”

Òjò rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, Bàámi wọ bàtà rọ́bà tó dé orúnkún, wọ́n fi àdá gé koríko, wọ́n ha ilẹ̀ títí wọ́n fi ń mí gúlegúle, wọ́n wá ń fọ́n irúgbìn bíi pé wọ́n ń fọ́n lọ́fínńdà síni lára. Èmi àti Màámi ló kan láti fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ bá mi wo obìnrin kan àti ọmọ rẹ̀ tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, tí wọ́n ń tẹ ilẹ̀ gìdì gìdì níwájú ilé nígbà tí àwọn èèyàn ń bọ̀ láti ìrun Alásàrì. Ọkùnrin kan tí a kò mọ̀ rí juwọ́ sí wa, ó ní, “Ẹ kú ìnáwó o!” Màámi dáhùn pé, “Ìnáwó ni lóòótọ́,” wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ.

Ọjọ́ kejì ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. N kò gbálẹ̀. Ilé dákẹ́. Ìyá Àgbà kírun wọn, wọ́n padà sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n bo orí. Oòrùn yọ, ṣùgbọ́n lójú tiwọn, ilẹ̀ kò tíì mọ́. Màámi gbé ẹ̀kọ àti àkàrà wọlé, Ìyá Àgbà ní kí wọ́n gbé e padà, pé ọmọlúàbí kì í jẹun lóru. “Màmá, aago mẹ́sàn-án ti lù o.” Ìyá Àgbà ní, “Ọwọ̀ wo ni mo gbọ́?” Àfi ìgbà tí ebi pa wọ́n gan-an ni wọ́n gbà pé ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ máa mọ́ bọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, Màámi dá ọgbọ́n: wọ́n ní kí n mú ọwọ̀, kí n máa gbá ara ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ìró ṣáà lè wà. Mo gbá ògiri náà tọkàntọkàn. Ìṣẹ́jú kan kò tíì pé tí ohùn Ìyá Àgbà fi jáde: “Ràbí, ṣé ògiri náà dọ̀tí tó bẹ́ẹ̀ ni?”

Ni wọ́n bá mú ọ̀pá, wọ́n jáde. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wo ewé dóńgóyárò ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ́ lọ bẹẹrẹ lórí koríko onílàpálàpá. Wọn kò pariwo. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Wọ́n kàn ní, “Ó dáa,” wọ́n wọlé, wọ́n tẹ́ aṣọ sílẹ̀, wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n sì gbé e sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní bí àwọn kò bá gbọ́ ọwọ̀ kí Jímọ̀ tó dé, Alájùé ni àwọn á ti kírun Jímọ̀, pé àwọn kò lè gbé inú ilé tó ń ṣe bí ilé òkú nígbà tí àwọn ṣì ń mí. Bàámi ní ìyá àwọn kàn ń bínú ni. Èmi ní tèmi mọ̀ pé Ìyá Àgbà kì í di ẹrù ṣeré. Mo sunkún sínú àwo tí mò ń fọ̀.

Nítorí náà, ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, bí Bàámi ṣe jáde lọ kírun Àsùbá ní mọ́sálásí, mo gbá ojúde. Mo rò pé bí mo bá gbá a jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò lè ṣe nǹkan kan. Ọmọdé ni mí, lójú mi iyanrìn ni iyanrìn. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ọwọ̀ ṣe ń ṣe: bí èèyàn bá ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ á gbà á. Mo gbá a títí ó fi ń dán. Láti inú yàrá ni mo ti gbọ́ Ìyá Àgbà, “Báríkà, ọmọ mi. Abẹ́ bẹ́ǹṣì.” Mo gbá abẹ́ bẹ́ǹṣì. Mo kó gbogbo ilẹ̀ náà, iyanrìn tòun ti irúgbìn, mo dà á sí ààtàn lábẹ́ fèrèsé wọn. Lẹ́yìn náà ni mo wá ṣe ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín títí di òní. Mo lọ gbọn igi dóńgóyárò, mo ṣa ewé lójú méjèèjì, mo sì ń fi ọwọ́ tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan sórí ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá, kó lè jọ ibi tí a kò gbá. Àfi bí olè tó ń pa ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ rẹ́. Bàámi dé láti mọ́sálásí, wọ́n wo ewé, wọ́n ní, “Ó dára bẹ́ẹ̀,” wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bomi rin ilẹ̀ tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ojoojúmọ́ ni mo ṣe é. Jímọ̀ dé, Ìyá Àgbà kò lọ, ṣùgbọ́n wọn kò tú ẹrù náà. Wọ́n ní àwọn ṣì ń wò ó bóyá ọwọ̀ náà á tún dákẹ́. Bàámi ní tiwọn ń wo ilẹ̀. Láràárọ̀, wọ́n á gbé awò wọn sójú, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n á fi imú kan ilẹ̀, bóyá wọ́n á rí ọmọ koríko kan. Nígbà tí wọn kò rí nǹkan, wọ́n ní adìyẹ Màámi ló ń ṣa á jẹ. Wọ́n so igi méjì pọ̀, wọ́n wọ̀ ọ́ ní ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ wọn àtijọ́, wọ́n dé e ní fìlà, wọ́n sì rì í sójúde bí irú èyí tí àgbẹ̀ ń rì sóko láti fi lé ẹyẹ. Adìyẹ kò bẹ̀rù rẹ̀, abẹ́ rẹ̀ gan-an ló lọ yé sí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Àlàájì Búsàrí wá bá Màámi pẹ̀lú ojú kíkorò, wọ́n ní kí Màámi jọ̀ọ́ kí wọ́n bá àwọn sọ fún Bàbá Ràbí, pé láti àárọ̀ ni àwọn ti ń kí i ní sàlámà lẹ́ẹ̀mejì tí kò dáhùn, ṣé nítorí àwàdà onígbàjámọ̀ yẹn náà ni? Màámi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mo ń wo ẹ̀yìn Bàámi bó ṣe tẹ̀ lórí ilẹ̀ náà, àánú wọn ń ṣe mí, mo sì mọ̀ pé bí mo bá jẹ́wọ́, ọwọ̀ á dúró, Ìyá Àgbà á sì lọ.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá pé, ojúde ṣì pá. Màámi ló lọ da èèpo iṣu sí ààtàn ní àárọ̀ Sátidé. A kàn gbọ́ tí wọ́n ké, “Bàbá Ràbí! Ẹ wá wo pápá yín o!”

Gbogbo wa sáré lọ. Ní abẹ́ fèrèsé Ìyá Àgbà, láàárín eérú àti ìgò tó fọ́, koríko òyìnbó ti hù. Híhù kọ́ ni kí n pè é, ó ti bo ibẹ̀ ṣìkìtì, ó tutù, ó dí, ó gún régé. Kódà kọ́tà ọ̀gá kò ní irú rẹ̀. Bàámi wò ó fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wo ọwọ̀ tó fẹ̀yìn ti ògiri. Wọ́n wá yíjú díẹ̀díẹ̀.

“Ta ló ń gbálẹ̀ nínú ilé yìí?”

Mo ti wà lórí orúnkún kí wọ́n tó sọ ọ́ tán. Ṣùgbọ́n kí n tó la ẹnu, orí kan yọ lójú fèrèsé. “Èmi ni,” Ìyá Àgbà ní.

“Ẹ̀yin kẹ̀, Ìyá mi? Ẹ̀yin tí ẹ ò lè bẹ̀rẹ̀ mú bàtà?”

“Mo ní èmi ni. Bí o bá fẹ́ nà mí, wá nà mí.”

Ẹkún gbà mí lẹ́nu. “Èmi ni, Bàámi. Èmi ni mò ń gbá a. Ẹ má bínú. N ò fẹ́ kí Ìyá Àgbà lọ ni.”

Bàámi wo inú yàrá láti ojú fèrèsé, wọ́n rí ẹrù dídì náà ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó dà bíi pé ọjọ́ náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Wọ́n jókòó sórí odó tí Màámi dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n ní, ohùn wọn kéré, “Ìyá mi, ṣé ẹ máa torí koríko fi mí sílẹ̀ lóòótọ́ ni?”

“Ṣé èmi ni mo mú koríko wálé ni?”

“Mo kàn fẹ́ kí ilé tiwa náà dà bí ilé èèyàn ńlá ni.”

“Gàníyù, èèyàn ńlá wo ló ń dọ̀bálẹ̀ fún ilẹ̀ láràárọ̀, ṣé o rò pé n kì í rí ọ láti ẹnu ọ̀nà ni?” Màámi sá pamọ́ sẹ́yìn ògiri, a ń gbọ́ ẹ̀rín wọn níbẹ̀. Ìyá Àgbà fúnra wọn ti ń fa ẹnu mọ́ra kí ẹ̀rín má bàa bọ́. Wọ́n mú ọ̀pá, wọ́n jáde wá síbi ààtàn, wọ́n fi ọ̀pá ṣí ìdí koríko náà wò. Ojú wọn yí padà, ojú oko ló dé sí wọn lára. Wọ́n ní ta ló sọ fún wa pé irúgbìn ń jẹ ilẹ̀ líle? Wọ́n ní ilẹ̀ ojúde ti di àpáta láti ọjọ́ tí a ti ń gbá a, eérú àti ẹ̀gbin ilé sì ni koríko ń fẹ́. “Ọgọ́ta ọdún ni mo fi pa koríko,” ni Ìyá Àgbà wí. “Ẹni tó bá mọ ohun tó ń pa á, ó mọ ohun tó ń jẹ́ kó yè. Gbé ọkọ́ wá.”

Ìgbà tí oòrùn rọlẹ̀ ni a ṣe iṣẹ́ náà. Ìyá Àgbà kọ́kọ́ fi ọ̀pá fa ilà kan láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí dóńgóyárò àti láti ibẹ̀ dé títì, wọ́n ní apá ìsàlẹ̀ ilà ni ti ọwọ̀, apá òkè ni ti Gàníyù, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ kọjá ààlà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó sórí àpótí tí wọ́n ń dárí wa. Bàámi gé koríko orí ààtàn ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, tòun ti iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀. Màámi gbẹ́ ibi kọ̀ọ̀kan tó pá jinlẹ̀ díẹ̀, wọ́n da eérú àti iyẹ̀pẹ̀ ààtàn sí i. Èmi ni mo ń tò ó sínú ihò. “Sún un mọ́ra. Bí ìbejì ni wọ́n, má jẹ́ kí wọ́n jìnnà síra wọn. Gàníyù, omi díẹ̀ ni mo wí, ṣé o fẹ́ rì í ni?” Àlàájì Búsàrí dúró lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n kọ́kọ́ wo igi onífìlà, wọ́n wo Bàámi, wọ́n sì rọra kí Bàámi ní sàlámà lẹ́ẹ̀kan sí i láti mọ èyí tó máa dáhùn.

Nígbà tí a parí, ojúde ti kún fún àbùlẹ̀ tútù, ó rí bí aṣọ tí télọ̀ lẹ̀ láàárín òkùnkùn. Bàámi bọ́ bàtà rọ́bà, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ìyá wọn. Ìyá Àgbà kò wò wọ́n. Wọ́n ń wo koríko náà bí àgbẹ̀ ṣe ń wo ebè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Wọ́n ní ó máa gbà tó oṣù kan kó tó mú dáadáa, pé a gbọ́dọ̀ bojú tó o, pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí tó mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n wá ní, “Ràbí.”

“Ẹ̀n, mà.”

“Lọ tú ẹrù mi.”

N kò mọ ohun tó gbé mi nílẹ̀. Mo fò, mo pariwo, mo sáré gba ọ̀nà tó yá jù lọ, àárín ojúde gan-an, lórí gbogbo ohun tí a ti ń tò láti ìrọ̀lẹ́, n kò sì tíì dé ìdajì tí mo gbọ́ ohùn méjì lẹ́yìn mi, Ìyá Àgbà àti Bàámi, tí wọ́n ké pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún náà: “Kúrò lórí koríko!”